Ojú Ta La Fi Ń Wò Ó? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Yíyí Ojú Ìwòye Padà Nínú Ìtàn Àròsọ

Nínú iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ìtàn ní Ìbàdàn níbí ń gbé fún mi kà, ọ̀rọ̀ kan kì í yẹ̀: ta ló ń ríran nínú ìtàn yìí, ìgbà wo ni mo sì lè gbé ojú yẹn fún ẹlòmíràn? Èyí tí wọ́n ń béèrè jù ni mo kó jọ síbí.

Ilé kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Ilé Àlàájà ni, ní Òjé, obìnrin tó ń ta aṣọ òkè. Múrí ọmọ rẹ̀ ń fi Micra kó èrò. Àṣàkẹ́ ni ìyàwó Múrí, Bàrákà ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ wọn. Lúkú ni àbúrò Múrí. Ìwé ilẹ̀ tó wà nínú àpótí Àlàájà ti dàwátì. Múrí ló mú un. Àṣàkẹ́ fura. Bàrákà wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń mú un, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun rí.

Kí ni ojú ìwòye gan-an?

Ẹni tí òǹkàwé ń bá wo ìran ni. Ó lè má jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù, ó sì lè má jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Bí ìran bá wà lójú Bàrákà, ohun tí Bàrákà kò lè rí láti ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ohun tó rí tí kò yé e gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí kò ṣe yé e gan-an.

Àwọn tó ṣe Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama á rántí orúkọ méjì. Ojú-mi-ló-ṣe ni ti asọ̀tàn tó ń sọ "mo" àti "èmi". Arínúróde ni ti asọ̀tàn tó mọ inú mọ òde gbogbo ẹ̀dá ìtàn. Àárín méjèèjì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń kọ báyìí wà: asọ̀tàn ń pe ẹ̀dá ìtàn ní "ó", àmọ́ inú ẹnì kan ló ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Irú kẹta yìí ló ń kó wa sí wàhálà jù.

Ṣé dandan ni kí n máa yí i?

Rárá. Ìtàn ojú ewé mẹ́wàá kì í sábà nílò ju ojú kan lọ. Ìdí tí mo máa ń gbà wọlé ni pé ẹni méjì mọ ohun tó yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìtàn kò sì ní dùn àfi kí òǹkàwé mọ ti àwọn méjèèjì.

Ìwé kan tí gbogbo ará Ìbàdàn tó ń kàwé yẹ kó mọ̀ fi èyí hàn dáadáa: *The Secret Lives of Baba Segi's Wives*, èyí tí Lọlá Ṣónẹ́yìn kọ, tó jáde ní 2010. Ìbàdàn níbí ni ilé Baba Segi wà. Ìyàwó mẹ́rin ló fẹ́, àwọn ìyàwó náà sì ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ara wọn. Àṣírí wà nílé náà tí àwọn kan mọ̀, tí baálé kò mọ̀. Ká ní ojú Baba Segi nìkan la fi wo ilé yẹn, ọkùnrin tó ń gbéraga nípa ilé rẹ̀ nìkan la máa rí. Nítorí pé a ti wọ yàrá àwọn ìyàwó, gbogbo ìgbà tó bá ń yan fanda ni ara wa ń bù máṣọ.

Ẹ bi ara yín bí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìtàn yín. Bí ó bá jẹ́ pé orí kẹta ló kàn sú yín tí ẹ fi fẹ́ gba inú ẹlòmíràn sá lọ, ẹ padà lọ tún orí kẹta kọ.

Báwo ni mo ṣe máa yan ẹni tí màá fi ojú rẹ̀ wo ìran kan?

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó máa pàdánù jù ni kí a yàn. Mo gbà á dé ìdajì. Lálẹ́ tí Àlàájà ṣí àpótí tí kò bá ìwé, òun ló pàdánù jù. Àmọ́ ìyàlẹ́nu nìkan ni inú rẹ̀ máa fún wa, ìyàlẹ́nu kì í sì í pẹ́ tán. Múrí tó jókòó ti àmàlà nínú yàrá kan náà ńkọ́? Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wá nínú àpótí, ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣíwọ́ oúnjẹ. Èmi á yan Múrí. Ẹlòmíràn lè yan Bàrákà tó rò pé eré ni. Ẹ kọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan láti ojú ẹni mẹ́ta kí ẹ tó pinnu. Kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Ṣé mo lè yí ojú padà láàárín ìran kan ṣoṣo?

Ẹ kọ́kọ́ ka èyí:

*Àlàájà ṣí àpótí, àyà rẹ̀ já. Múrí rí i pé ìyá òun ti mọ̀, ìdí rẹ̀ domi. Àṣàkẹ́ ń wo ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rò ó pé irọ́ ló máa pa. Àlàájà gbà pé olè ló wọlé, inú Bàrákà sì ń dùn pé wọn kò tíì rán òun lọ sùn.*

Kò sí gbólóhùn tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹni mẹ́rin la wọ̀ láàárín ìlà mẹ́rin, a kò sì jókòó síbì kankan. Kí ẹ̀rù tó ba Àlàájà tó máa ràn wá, a ti wà lọ́dọ̀ Múrí. Kí ti Múrí tó wọ̀ wá lára, Àṣàkẹ́ ti gbà wá. Àbùkù kejì burú jù ú lọ: kò sóhun tó kù tí òǹkàwé máa fi ọgbọ́n ara rẹ̀ mọ̀, gbogbo rẹ̀ la ti sọ fún un.

Ẹ wá wò ó láti ojú Múrí nìkan:

*Múrí gbọ́ tí ìdérí àpótí dún. Ó bu òkèlè. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ náà sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣàkẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló ń wo òun sí? Àwo ló yẹ kó wá kó, kó máa lọ. Múrí gbé omi mu.*

*"Ìyá Àgbà, ṣé kí n bá yín wá a?" Bàrákà ti dìde nílẹ̀. "Mo mọ bébà yẹn."*

*Òkèlè há Múrí lọ́fun.*

Ẹ̀rù Àlàájà ṣì wà níbẹ̀, inú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló wà. Ìfura Àṣàkẹ́ wà nínú bó ṣe dúró. Ọ̀rọ̀ Bàrákà tó jọ ọ̀rọ̀ eré tẹ́lẹ̀ ti di ewu, nítorí pé inú ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ la ti gbọ́ ọ.

Ní ti pé bóyá ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe. Mo ti rí i tó dùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ìran, níbi tí nǹkan ti ya: ẹnì kan jáde, ilẹ̀kùn pa dé, tàbí ohun kan ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ojú sì bá ohun náà lọ. Wọn kì í padà sẹ́yìn mọ́. Èrò tó sọ̀ ní Ìwó Road láti wọ ọkọ̀ míì kì í bínú, bí ọkọ̀ bá ti dúró fún un. Ẹni tí wọ́n tì jáde lórí eré ló ń ṣépè.

Ṣebí bí àwọn bàbá wa ṣe ń pa àlọ́ nìyẹn? Wọ́n mọ inú Ìjàpá, wọ́n mọ inú Yánníbo.

Òótọ́ ni, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú, torí pé ohùn apàlọ́ la ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń dá sí ọ̀rọ̀, ó ń fi Ìjàpá ṣẹ̀sín, ó ń dá orin tí àwa ń gbè. Bí asọ̀tàn yín bá ní ẹnu tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń dájọ́, tó ń ṣàwàdà, arínúróde ni, ó lè wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi orí mẹ́ta pa á mọ́ bíi pé kò sí lájò, kí ó má ṣàdédé yọjú ní orí kẹrin láti wá sọ ohun tí aládùúgbò ń rò.

Àwọn kan máa ń fi Fágúnwà gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ níbí. Ẹ tún *Ògbójú Ọdẹ* ti 1938 ṣí. Kì í ṣe arínúróde ló ń sọ ọ́. Àkàrà-Ògùn ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹni tó mú kálàmù, nítorí náà "mo" méjì ló wà nínú ìwé yẹn: ti akọ̀wé àti ti ọdẹ. A rí bí bàbá náà ṣe dé, bí ó ṣe ní kí akọ̀wé mú gègé, kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i lẹ́nu. Kò sí òǹkàwé tó ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ọgbọ́n náà kò tíì gbó.

"Ó" pọ̀ nínú ìtàn mi débi pé èmi fúnra mi kò mọ ẹni tó jẹ́ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ká ní mo fẹ́ tò ó bó ṣe ṣe pàtàkì sí ni, ìbéèrè yìí ni ì bá ṣáájú. Ohun tí ìwé àwọn òyìnbó lórí ìtàn kíkọ ń kọ́ wa kò dé ibí. "Ó" wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ fún obìnrin. Bí Múrí àti Àṣàkẹ́ bá wà nínú yàrá, "ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín" lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì tó lè fi là wọ́n. Àwa kò ní in. Ohun tí a ní wúlò jù ú lọ fún ojú ìwòye: "òun".

*Múrí sọ fún Lúkú pé òun ti rí ìwé náà.* Múrí ló rí i.

*Múrí sọ fún Lúkú pé ó ti rí ìwé náà.* Ẹlòmíràn ló rí i: bóyá Lúkú, bóyá ẹni tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀.

Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó ń ṣi èyí lò lẹ́nu. Orí ìwé la ti ń gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tàbí èrò ti inú rẹ̀ jáde ni "òun" máa ń tọ́ka sí, kò sì sí àmì ojú ìwòye tó ṣe kedere jù ú lọ nínú èdè wa. Ó lágbára débi pé ẹ lè yọ "ó rò pé" kúrò pátápátá, kí "òun" nìkan ṣẹ́ kù:

*Múrí pa ọkọ̀. Ta ló máa gba òun gbọ́? Lúkú? Lúkú tó ti ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀ láti ìgbà ọdún Iléyá. Bí òun bá dá ìwé náà padà lálẹ́ yìí, tí òun rọra tì í sábẹ́ ìró, ta ló fẹ́ mọ̀?*

Kò sí "ó ronú" kankan níbẹ̀, síbẹ̀ a kò kúrò nínú Múrí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdánwò tí mo ń fi gbogbo iṣẹ́ tó dé ọwọ́ mi ṣe. Mo máa ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo "òun" tó wà nínú ìran kan, màá sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ síta kò kan ojú ìwòye. Bí "Àlàájà ní òun kò ní jẹun" bá wà, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Èyí tó kù, tó jẹ́ ti èrò inú, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá di ti ẹni méjì, ojú ti ń fò, kódà kí òǹkọ̀wé búra pé òun kò kúrò lójú kan. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí mo kọ lókè, kí ẹ ka "òun" ibẹ̀: ọ̀kan ti Múrí, ọ̀kan ti Bàrákà.

Ní ti "ó" fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti ẹni tó ni ojú, kí ẹ sì máa dárúkọ àwọn yòókù. Ẹ má bẹ̀rù àtúnpè orúkọ. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ wa pé àtúnwí kò dára, etí Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé Bàrákà lè pe bàbá rẹ̀ ní Múrí nínú orí tirẹ̀?

Bí ojú bá jẹ́ ti Bàrákà lóòótọ́, kò lè ṣe é. Lọ́gán tí ẹ bá kọ "Múrí wọlé, ó jókòó", ẹ ti jáde kúrò nínú ọmọ náà, ẹ ti lọ dúró sí ojúde. Lójú Bàrákà, "Bàbá wọlé, wọ́n jókòó". Lójú Àlàájà, ọkùnrin yẹn kan náà di Múrí, ó di "ó", ó lè di "ọmọ yìí" bí inú bá ń bí i. Lójú Àṣàkẹ́, Bàbá Bàrákà ni. Àwọn èrò inú Micra kò mọ orúkọ kankan, dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wo Lúkú náà. Gbogbo ilé ló ń pè é ní Lúkú, àyàfi Àṣàkẹ́ tó bá a nílé ọkọ. Akọ̀wé ni Àṣàkẹ́ ń pè é, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá ló fi jù ú lọ. Nítorí náà, ní gbogbo orí tí ojú bá jẹ́ ti Àṣàkẹ́, kò gbọdọ̀ sí "Lúkú" nínú ìtàn, kódà níbi tí kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí Àṣàkẹ́ wo ojú rẹ̀ tó pè é ní Lúkú lójú Àlàájà, ẹ kò ní láti kọ pé ìjà ti dé.

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju gbogbo ọgbọ́n ìsọ̀tàn yòókù lọ, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń kọ Yorùbá kì í lò ó tó. A ti ní i lọ́wọ́ láti ilé. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ẹni ti mọ ohun tí ojú ìwòye ń wá.

Ìṣòro kan wà o. Nínú orí ọmọdé, gbogbo àgbà ni "wọ́n". Bí Àlàájà àti Múrí bá wá ń jà létí Bàrákà, ẹ lè bá ara yín nínú irú gbólóhùn yìí: "Wọ́n ní kí wọ́n mú un wá, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n." Gírámà rẹ̀ tọ̀nà, "àwọn" níbẹ̀ ni "òun" tí a fi ọ̀wọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ó ti dorí kodò. Ẹ kọ "Ìyá Àgbà" àti "Bàbá" ní kíkún, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ fúnra wọn nínú àmì ọ̀rọ̀ ẹnu.

Asọ̀tàn arínúróde náà gbọ́dọ̀ pinnu láti ojú ewé kìíní bóyá òun ń bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pe Àlàájà ní "ó", kó máa pè é bẹ́ẹ̀ títí dé òpin.

Báwo ni òǹkàwé ṣe máa mọ̀ pé ojú ti yí?

Àlàfo ìlà kan, tàbí orí tuntun. Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹni tuntun nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohun tí òun nìkan máa kíyè sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni iṣẹ́ gidi.

Ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́ta gba abẹ́ Ilé Kòkó kọjá ní Dùgbẹ̀. Ilé alájà 26 ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, àmọ́ kò sí ẹ̀dá ìtàn kankan tó máa ronú bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ. Bàrákà á máa ka àjà rẹ̀, á ṣìkà, á tún bẹ̀rẹ̀. Múrí kò ní gbójú sókè rárá, àwọn tó ń mú ọkọ̀ ló ń wò. Àlàájà á rántí pé ọkọ òun tà kòkó rí, pé owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí wá ni tàwọn níbẹ̀? Ilé kan náà ni, ẹ kò sì nílò láti kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sókè orí.

Bákan náà nínú ilé: Àlàájà á wọ ilé àlejò, á ti mọ̀ bóyá sányán tó wà lọ́rùn ìyàwó ilé jẹ́ ojúlówó kí wọ́n tó kí i tán. Ẹ má fún Múrí ní irú ojú yẹn. Ó lè jẹ́ pé "aṣọ" nìkan ló rí.

Mo fẹ́ kí ẹni méjì máa sọ "mo" nínú ìwé kan. Ṣé kò ní dàrú?

*Stay With Me* tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2017 ṣe bẹ́ẹ̀: Yéjídé ń sọ tirẹ̀, Akin ọkọ rẹ̀ ń sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan náà. Ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n bí gbogbo "mo" bá ní ohùn kan, ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara òwe. Àlàájà lè pa á bó ṣe wù ú, láì tọrọ gáfárà. Múrí tó bá pa òwe níwájú ìyá rẹ̀ ní láti fi "tótó ó ṣe bí òwe" sí i, àfi bó bá fẹ́ yájú. Bàrákà á gbọ́ òwe, á mú un bó ṣe jẹ́ lẹ́tà kan lẹ́tà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹni tí ẹ̀dá ìtàn náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rojọ́ fún ẹbí kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ bo orúkọ àwọn orí mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ìlà márùn-ún márùn-ún sókè fún ẹnì kan. Bí kò bá lè yà wọ́n, iṣẹ́ ṣì kù.

Ẹni mélòó ni ojú lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ó di ọwọ́ agbára yín. Nínú *Half of a Yellow Sun* (2006), Chimamanda Adichie fi ojú ẹni mẹ́ta wo ogun abẹ́lé: Ugwu, Olanna àti Richard. Ẹ kíyè sí ẹni tí kò fún ní ojú. Kainene, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò lè gbàgbé, a kò wọ inú rẹ̀ rí. Ojú àwọn mìíràn la fi ń rí i. Nígbà mìíràn, ẹni tó wù yín jù ni kí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

William Faulkner, ará Amẹ́ríkà, lo asọ̀tàn 15 láàárín orí 59 nínú *As I Lay Dying* ti 1930, òkú ìyá ìdílé inú ìtàn náà sì wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀. Mi ò gba ẹni tó ń kọ ìwé àkọ́kọ́ nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n kan náà?

Rárá o. Orí kan wà nínú ìwé Faulkner yẹn tí kò ju gbólóhùn kan lọ. Bàrákà lè ní orí méjì péré nínú ogún. Ohun tí mo kórìíra ni kí ẹni tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú ní orí kejìdínlógún nítorí pé òǹkọ̀wé nílò ẹni tó máa gbọ́ àṣírí kan lẹ́yìn fèrèsé.

Ṣé mo lè sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

Bí ìkejì bá yí ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́ padà. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980, tí Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ẹ̀mí lọ. Ká ní obìnrin kan sọ fún wa pé òun padà sí ṣọ́ọ̀bù torí kí òun lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọṣẹ́ òun. A gbà á gbọ́, a bá a sunkún. Lẹ́yìn orí mẹ́ta, ọmọkùnrin kan tó wà lórí òrùlé lódìkejì sọ ohun tó rí: obìnrin náà gbé àpótí owó jáde, kò wo ẹ̀yìn. Odò yẹn kan náà ni, àmọ́ a ti di ẹlòmíràn sí obìnrin náà. Bí ọmọkùnrin náà bá kàn tún bí omi ṣe ń ru sọ, ẹ gé e kúrò.

Inú Múrí la wà. Ṣé mo lè fi pamọ́ pé òun ló mú ìwé náà?

Ẹ lè jẹ́ kó sá fún ọ̀rọ̀ náà: kó yí rédíò sókè, kó máa ka ṣéńjì tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ẹ kò lè jẹ́ kó gbàgbé. Bí ó bá ń bá wọn wá ìwé kiri pẹ̀lú ọkàn mímọ́ fún odidi orí mẹ́fà, tí ẹ wá ní òun ni olè, òǹkàwé á sọ pé ẹ yan òun jẹ, òótọ́ ló sì sọ. Bí àṣírí bá ṣe kókó fún ìtàn, ẹ gbé ojú fún Lúkú. Lójú tèmi ṣá, ó dùn jù kí òǹkàwé ti mọ̀, kó máa wo Múrí bó ṣe ń ju ara rẹ̀ sínú ọ̀fìn.

Ǹjẹ́ mo lè fi ohùn Ìbàdàn sí i?

Lẹ́nu Àlàájà, bẹ́ẹ̀ ni, kó sọ pé "sé o ti jẹun?" bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ "mo", ẹ lè bu díẹ̀ sára ìtàn. Ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n.

Orí WhatsApp ni mo ti ń kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Ṣé òfin yìí kan náà ni?

Ó tún le jù. Ẹni tó ń ka ìwé lè ṣí ẹ̀yìn wò. Ẹni tó ń ka ti yín ti gbọ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ mìíràn láti ìgbà tí ẹ ti fi apá kẹta ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí apá kan ní ojú kan. Kí orúkọ ẹni náà wà nínú ìlà kìíní, kí ẹ sì fi ọ̀nà tó ń gbà pe ẹlòmíràn rán wa létí ẹni tó jẹ́. "Bàbá Bàrákà kò tíì dé" ti sọ fún wa pé Àṣàkẹ́ ni.

Mo ti kọ odidi ìwé tán, ojú sì ń fò káàkiri. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ẹ tẹ̀ ẹ́ síta lórí bébà, fóònù kò ní jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo "òun" ti inú, bí mo ṣe sọ, bíró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, kí ẹ kọ bí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń pe àwọn yòókù sí i, àti ẹni tí "ó" tọ́ sí àti ẹni tí "wọ́n" tọ́ sí lẹ́nu rẹ̀. Ojú ewé yìí ló máa gba àkókò yín jù, ẹ sì máa rí i pé àwọn kan wà tí ẹ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé.

Ìran tí àwọ̀ bíró bá ti ju ọ̀kan lọ níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ yan ẹnì kan, ẹ yí bébà náà dojú bolẹ̀, kí ẹ sì tún ìran náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwò ó. Bí ẹ bá jókòó ti èyí tó wà nílẹ̀, tí ẹ kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, ohun tí Àlàájà rò á ṣì máa yọjú nínú ìran Múrí, nítorí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.